Òwú Tí Wọ́n Tú Lára Ìwọ̀

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1983, létí odò lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́, Tíṣà Kọ́mọláfẹ́ ṣí agolo bísíkíìtì rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Háà! Àgbàlagbà ọkùnrin! Nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú ní ọdún tó kọjá, kò sẹ́ni tó rí omi lójú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ apẹja rẹ̀ yí i ká. Àwọn yìí kì í fi ekòló pẹja o. Tíṣà ló kọ́ ọgbọ́n náà wá láti ìlú òyìnbó. Wọ́n á we òwú mọ́ ìwọ̀, wọ́n á so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ọn kó lè jọ kòkòrò, wọ́n á jù ú sójú omi, ẹpìyà á rò pé oúnjẹ dé. Gbogbo ìlú ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìwọ̀ inú agolo pé. Ìyẹ́ ara wọn pé. Òwú nìkan ni kò sí mọ́.

"Yésúfù alàwọ̀n ni!" Àlímì akọ̀wé ẹgbẹ́ pariwo. "Kò fẹ́ rí wa létí odò yìí. Ẹ jẹ́ ká fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

"Fara balẹ̀ ná," ni Lásúnkànmí wí. Ọmọ ẹgbẹ́ lòun náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì sí Màkún, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ariwo dájọ́.

Yésúfù ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nítòsí. Lásúnkànmí lọ bá a.

"Yésúfù, ṣé o kórìíra wa?"

"Dáadáa, Bàbá. Ìwọ̀ yín ń ya àwọ̀n mi."

"Tí agolo Tíṣà bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Màá kó ìwọ̀ òyìnbó yẹn tán pátápátá! Òwú? Kí ni màá fi òwú ṣe?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Lásúnkànmí kọjú sí Àlímì.

"Ìwọ tí Tíṣà gba ife ìdíje ẹja pípa mọ́ lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà! Ìlárá ni mo sùn. Níbo ni mo ti máa rí agolo rẹ̀?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà," ni Tíṣà dáhùn. "Mo tì í pa. Orí ìṣó ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà."

Àgádágodo agolo náà kò bàjẹ́. Lásúnkànmí gbé ìwọ̀ kan sójú oòrùn. Sísọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n fi gé ìdí òwú, wọ́n wá rọra tú u, ìyẹ́ kan ò bọ́. Fọ́nrán díẹ̀ ṣẹ́ kù lẹ́nu ìwọ̀: yẹ́lò àti búlúù tí wọ́n lọ́ pọ̀.

"Níbo lo ti rí òwú yìí, Tíṣà?"

Tíṣà wo omi. "Mo bá a nílé ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Jẹ́ ká lọ sílé."

Ọmọ́yẹni, ìyàwó Tíṣà, gbé omi wá fún wọn. Lásúnkànmí fẹ́ fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kí i bó ṣe máa ń kí i tẹ́lẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Láti ìgbà ìsìnkú, "Mísíìsì" ni gbogbo ayé ń pè é, ọkọ rẹ̀ náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Mísíìsì, kí ló ṣe yín níka?"

Ó fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìró. "Abẹ́rẹ́ tí mo fi ń hun sùẹ́tà ló gún mi."

"Ìyàwó mi náà ń hun sùẹ́tà. Ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn kì í mú tó bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìwọ̀ ló ń ṣe ìka báyìí. Ẹ̀yin lẹ tú òwú náà. Ẹ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tú òwú láìjẹ́ kó já."

Obìnrin náà wọ yàrá. Ó mú apá sùẹ́tà kékeré kan jáde, yẹ́lò àti búlúù.

"Èmi ni. Èmi ni mo hun ún fún un nígbà ọyẹ́. Nígbà tó kú, àwọn àgbà ẹbí ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó bàtà rẹ̀. Wọ́n ní kí n má dárúkọ rẹ̀ mọ́, mo gbà. Lọ́jọ́bọ̀, mo fẹ́ fọ fìlà tí Tíṣà fi ń lọ sódò, ni mo rí òwú ọmọ mi lára ìwọ̀ tó há mọ́ ọn! Odò ló ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Lánàá tó lọ síléèwé, mo tú gbogbo rẹ̀. Mo ti ń hun ún, kò tó. Kò dé ọrùn ọwọ́."

Tíṣà kò lè wò ó. "Èmi ni mo gbé sùẹ́tà náà pamọ́ kí wọ́n má bàa kó o lọ. Ojoojúmọ́ ni ọmọ wa ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ sódò. Mo ní ó dìgbà tó bá dàgbà. Mo kàn fẹ́ kó bá mi lọ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Wọ́n ní kí n má dárúkọ rẹ̀ létí rẹ."

Lásúnkànmí dìde, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò mú.

Tíṣà wọ yàrá, ó sì mú ìyókù sùẹ́tà náà wá, èyí tí kò ní apá kan. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ọdúnayọ̀," ló pè é.

Obìnrin náà gbé apá tó ti ń hun lé e. "Ẹ̀ẹ̀n," ló wí, "èmi rèé."