Òkìtì Kòkó Kì Í Rìn

Bọ́ọ̀lù ta lára irin, ó fò sókè, gbogbo ojú sì tẹ̀ lé e, àfi ojú Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wá wòran. Ọmọkùnrin gíga kan tó wọ kánfáàsì gbígbó ni òun ń wò. Kí bọ́ọ̀lù náà tó máa bọ̀ wálẹ̀, ọmọkùnrin yìí ti rìn lọ síbi tó máa já sí. Ó nawọ́, ó gbà á wẹ́rẹ́, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n rán an sí.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Orí pápá básíkẹ́ẹ̀tì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan n'Ìkẹ́rẹ́ ni. Akínpẹ̀lú lorúkọ ọmọkùnrin náà, ará Àgbàdo. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, n ò rí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbà bíi tirẹ̀ rí. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò ní tíì gbà á tán tó fi máa jù ú sẹ́yìn láìwò, tí àwọn alátakò á sì gbà á tọpẹ́tọpẹ́. Ohun tó ń kó wálé náà ló ń kó dànù. Báyìí ni wọ́n ṣe na kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó jókòó tìbànújẹ́tìbànújẹ́. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ gbé omi tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́. Inú oko kòkó lẹ dàgbà sí, àbí?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọwọ́ yín ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń dúró lábẹ́ igi tí bàbá yín bá ń já kòkó. Ẹ ó gbà á látòkè, ẹ ó jù ú sórí òkìtì tó wà lẹ́yìn, ẹ ò ní wẹ̀yìn. Èmi náà ṣe é lóko bàbá mi." Ó rẹ́rìn-ín. "Òkìtì kòkó kì í rìn, bọ̀dá. Èèyàn ló ń rìn."

Akínpẹ̀lú wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì sẹ́ni tó rí ìdí àléébù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin náà ti ń rìn káàkiri pápá, tí Akínpẹ̀lú gbọ́dọ̀ fojú wá a rí kó tó ju bọ́ọ̀lù.

"Níbo ni mo wà?"

"Nínú ọkàn mi, Àmọ̀kẹ́." Oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é.

"Ẹlẹ́nu dídùn. Ju bọ́ọ̀lù, jàre."

Ibẹ̀ nìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n Tíṣà Bámigbóyè, bàbá ọmọbìnrin náà, wà níbi ìdíje àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dárúkọ Akínpẹ̀lú fún un bí ẹni tó fẹ́ fẹ́, ó mi orí. "Èyí tó ń fi ohun ọwọ́ rẹ̀ ta ọ̀tá lọ́rẹ? Ẹni tí ò mọ nǹkan dì mú ò ní mú ọ kúrò nínú ulé mi."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ kó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá gbà. "Bó bá tún jù ú dànù, ọ̀rọ̀ parí."

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn fi díẹ̀ báyìí ṣíwájú, àkókò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Alátakò ju bọ́ọ̀lù, ó ta lára irin, Akínpẹ̀lú gbà á. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń pariwo pé kó jù ú. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti lọ sẹ́yìn bíi ti àtijọ́. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ di ojú.

Akínpẹ̀lú yí ọrùn, ó wẹ̀yìn. Alátakò kan ti lúgọ síbi tí òkìtì kòkó ì bá wà. Akínpẹ̀lú fa bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà, ó dì í pinpin títí fèrè fi dún.

Bàbá kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Akínpẹ̀lú wá dọ̀bálẹ̀ fún un nínú òógùn, ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. "O di bọ́ọ̀lù mú. Èyí ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í fún mi, sà. N ò ní jù ú sílẹ̀ láéláé."

"Sọ fáwọn òbí rẹ kí wọ́n wá rí wa." Bàbá yí padà, ó lọ síbi ọ̀kadà rẹ̀. "Kí wọ́n gbé uṣu ìdána gidi wá o."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ rọra ti ẹ̀yìn na ọwọ́ sí i. Akínpẹ̀lú kọ́kọ́ yíjú wò ó dáadáa, kó tó dì í mú.