Obìnrin Orí Àtẹ̀gùn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje, ọjọ́ Sátidé, bàbá mi gun àga, ó sọ àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ lára ògiri yàrá wa, ó sì ní òun fẹ́ tà á. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé, kò sì jáde.

Kò sí ẹni tí kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà lára páálí ìṣáná. Ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀. Bàbá bàbá mi, tó jẹ́ kunlékunlé, ló fi ọ̀dà elépo kùn ún sórí aṣọ líle ní ọdún tó ń kun àjà ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó ya ilé agogo gíga, pẹ̀lú aago ńlá tó wà lókè rẹ̀. Nísàlẹ̀, lórí àtẹ̀gùn, ó ya obìnrin kan tó jókòó dè é, tó wọ aṣọ búlúù, tó gbójú sókè. Obìnrin náà kò ju èékánná lọ. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ọjọ́ tó bí Àǹtí ló kú, kò sì ya fọ́tò rí láyé rẹ̀.

Gbogbo Sátidé ni Àǹtí máa ń wá nu àwòrán náà. Alágbàfọ̀ ni. Áyọ́ọ̀nù ti jó ọwọ́ rẹ̀ níbi púpọ̀, ẹnu rẹ̀ sì gbóná ju áyọ́ọ̀nù lọ. Bó bá bá mi nídìí ìwé tí mo fi ń yàwòrán, á ní, "Ayàwòrán ọ̀la, ṣé o ti fọ abọ́ òní?" N kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì fi pamọ́.

Lọ́jọ́ náà, òun àti bàbá mi sọ̀rọ̀ síra wọn bí ẹni tí kò jọ dàgbà nínú ilé kan. Bàbá mi ní káfíńtà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tirinṣẹ́tirinṣẹ́ kò lè máa wo ògiri jẹun. Àǹtí ní kó ta bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n fẹnu kò: ní Sátidé tó ń bọ̀, ayafọ́tò yóò wá ya obìnrin orí àtẹ̀gùn náà kí àwòrán tó kúrò nílé. Àǹtí lọ láìdágbére.

Ní Mọ́ńdè, ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ wá wò ó. Olójú-dígí la máa ń pè é. Ó gbóòórùn ẹ̀yìn àwòrán náà, ó ní ó dára, aago ló bà á jẹ́. Ó ní wọn kò tètè fi aago síbẹ̀, àwọn oníbàárà òun sì ń fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà bó ti rí kí aago tó dé. Bí kò bá sí aago, ìlọ́po méjì lòun ì bá san. Bàbá mi ní aago wà níbẹ̀ lójú bàbá òun, òun kò ní fi irọ́ rẹ́ iṣẹ́ olóògbé.

Èmi ni mo sin Olójú-dígí jáde. Ó ti rí ìwé mi lórí tábìlì. Ó fi ọ̀dà elépo aláwọ̀ eérú kan lé mi lọ́wọ́.

"Ọwọ́ tó ya irú ìyẹn," ó ní, "aago kan ò lè ni ín lára."

Ẹnikẹ́ni kò yin ọwọ́ mi rí. Mo ro bí ojú Àǹtí yóò ti rí bí ọwọ́ tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ bá mú owó irinṣẹ́ tuntun wọlé fún bàbá mi.

Ní Túsìdeè, nígbà tí bàbá mi wáṣẹ́ lọ, mo kun aago náà pa. Ó jọ òkúta ara ilé agogo. Ọ̀dà tí a ń lò ní iléèwé, tí a ń fi omi pò, máa ń gbẹ kí tíṣà tó yí kíláàsì ká. N kò mọ̀ pé ọ̀dà elépo lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó gbẹ.

Ní Fúráìdeè, Olójú-dígí padà wá. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ilé agogo. Eérú lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, etí aago sì yọjú bí ẹni tó ń yọ́ wo ilé onílé.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" ó bi bàbá mi, ó sì ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é," mo ní.

"Èmi? Ọ̀gá káfíńtà, ẹ bá ọmọ yín wí. Ayédèrú lẹ fẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́ yìí."

Ó ní gbogbo ẹni tó ń ṣe òwò náà ni yóò gbọ́, kò sẹ́ni tí yóò ra nǹkan lọ́wọ́ wa. Bàbá mi sáré tẹ̀ lé e dé títì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ti ń bẹ̀ ẹ́. N kò gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Mo fẹ́ tún un ṣe kó tó dé. Mo da tapẹntáìnì tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà sí àkísà, mo fi nu ilé agogo náà lórí ìdúró. Eérú lọ. Ọwọ́ aago náà lọ. Àkísà ti mu jù, omi rẹ̀ sì ń ṣàn wálẹ̀, ó kọjá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé orí àtẹ̀gùn. Mo yára nù ún. Nígbà tí mo yí àkísà padà, mo rí búlúù.

Ní aago mẹ́wàá Sátidé, ayafọ́tò gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀. Àǹtí ti dirun, ó wọ aṣọ tuntun, bí ẹni pé òun ni wọ́n fẹ́ yà. Ó lọ síwájú àwòrán, ó wo àtẹ̀gùn náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú àkísà wá. Ó wá ibi tí búlúù wà lára rẹ̀, ó ká a bó ti máa ń ká aṣọ oníbàárà, ó fi sínú báàgì.

"Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń wò ó," ó ní. "Mi ò tíì wò ó tán."

Kò bú mi. Ayafọ́tò béèrè ohun tí òun yóò yà, bàbá mi sì bá a gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ jáde.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò pé ọ̀sẹ̀. Ẹni tó yin ọwọ́ mi kí n lè fi ṣèbàjẹ́ kò yìn mí. Ìbá sì sàn kí n jókòó de bàbá mi, kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan, ju kí n máa fi èkejì nu ti àkọ́kọ́.

A kò rí àwòrán náà tà. Àǹtí kò wá nù ún mọ́ ní Sátidé. Ojú ìyá bàbá mi kò sí níbòmíràn.