Ojú Ewé Mọ́kànlá Tí Mo Gé

"Ẹ la ẹnu, ẹ jọ̀ọ́. Ṣíbí kan péré."

Màámi na ṣíbí ìrẹsì sí ẹnu Bàámi. Bàámi kò la ẹnu. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àjà bí ẹni pé kò sí ènìyàn kankan nínú yàrá náà. Nígbà tó yá, Màámi gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó sì jáde lọ sunkún sí ẹ̀yìnkùlé.

Káfíńtà ni Bàámi. Orí òrùlé ilé alájà méjì kan ló ti já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì dá. Dókítà sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ní gbé e mọ́. Kò sunkún, kò bínú, ó kàn pa ẹnu dé ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìwọ̀nba omi àti ọbẹ̀ díẹ̀ ló sì ń gbà lọ́wọ́ wa.

Lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ fa Màámi sí kọ̀rọ̀. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kì í ṣe ẹ̀yìn ló máa pa ọkọ yín. Ebi ni."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi pé kí n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ilé ká kí Bàámi lè jẹun, ǹ bá fò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Mo wá ṣe ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo lọ yá ìwé.

Ìyá Onígíláàsì ni gbogbo wa ń pe olùkọ́ tó ń tọ́jú yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo béèrè bóyá ó ní ìwé tó dá lórí iṣẹ́ káfíńtà. Ó wá ìwé ìtàn kan fún mi, ìtàn àgbà káfíńtà kan àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù.

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàámi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. N kò bi í bóyá ó fẹ́ gbọ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kò kúkú lè sọ pé òun ò fẹ́. Orí kìíní kọjá, Bàámi kò mira. Orí kejì kọjá bẹ́ẹ̀ náà. Nínú orí kẹta, àgbà káfíńtà náà fi ọdún méjì gbáko sá pákó kó lè gbẹ, kó tó fi kan àga fún ìyàwó tuntun kan. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, Bàámi dún lọ́nà ọ̀fun: "Hùn."

Màámi yára ti ṣíbí kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí Bàámi tó rántí pé òun kì í jẹun, ó ti jẹ ẹ́ mì.

Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ojú ewé kan, ṣíbí mẹ́ta. Aago mẹ́rin ọ̀sán, Màámi á ti sáré dé láti ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, á fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, a ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí mo rò pé òògùn ni fún Bàámi, èmi àti Màámi náà ti ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá hùwà ọ̀lẹ nínú ìtàn náà, Màámi á pòṣé, á ní, "Ẹ lé ọ̀lẹ yẹn lọ sílé!" Mo máa ń rò ó nílé ẹ̀kọ́ pé kí aago mẹ́rin tètè lù. Kò sí ohun tó yí padà nínú ilé wa, síbẹ̀ mo ń láyọ̀.

Àfi ìgbà tí a dé orí kẹsàn-án.

Mo ṣí i wò nílé ẹ̀kọ́ kí n tó délé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ pé àgbà káfíńtà náà ṣubú láti orí àkàbà, ó sì mọ̀ pé òun kò ní dìde mọ́. Nísàlẹ̀ ojú ewé náà, ojú mi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kan: pósí. Mo pa ìwé náà dé wàì. Ṣé èmi ni màá fi ẹnu ara mi ka èyí sí etí Bàámi?

Mo yá abẹ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì mí. Mo gé orí kẹsàn-án kúrò, ojú ewé mọ́kànlá. Nígbà tí mo délé, mo jó wọn nínú iná tí Màámi fi ń se oúnjẹ. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé mo gbọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbé ìwé sójú, mo sì ń hun ìtàn tèmi. Mo ní àgbà káfíńtà ṣubú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dìde lọ́jọ́ kẹta. Mo ní ó gé igi ńlá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ láàárọ̀, ó là á sí pákó, ó fá a, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́, ó ti fi ṣe ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìlú, gbogbo ayé sì ń pàtẹ́wọ́.

"Igi wo nìyẹn?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Màámi. Ohùn Bàámi ni, ó ti ha, ó sì lọ sílẹ̀.

"Mo ní igi wo? Èyí tó gé láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Ní tútù?"

Mo ṣí ojú ewé, mo ń ṣe bí ẹni ń wá ibẹ̀.

"Ọkùnrin tó fi ọdún méjì sá pákó torí àga lásán, òun ló wá fi igi tútù ṣe ilẹ̀kùn? Kó tó di oṣù kan, ilẹ̀kùn yẹn á ti wọ́, kò ní í ṣeé tì. Ẹni tó kọ ìwé yìí mọ iṣẹ́. Kò lè kọ ìyẹn láéláé. Gbé e wá."

Inú mi ìbá dùn pé Bàámi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́. Ó gba ìwé náà, ó fi ìka tọ ibi tí abẹ ti gé àwọn bébà náà.

"Ó kú, àbí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Àwọn ojú ewé náà dà?"

"Mo ti sun wọ́n, Bàámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí ẹ…"

"O ò fẹ́ kí n gbọ́ pé ẹnì kan tó ṣubú bíi tèmi kú. O ti ń wò mí bí òkú nìyẹn." Ó gbé ìwé náà fún mi. "Máa lọ."

Láti ọ̀sán yẹn, kò jẹun mọ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Bí mo bá wọlé pẹ̀lú ìwé, á di ojú. Màámi kò nà mí. Ó kàn ń wò mí, ó ń wí pé, "Kí lo ṣe fún mi yìí? Ọmọ mi, kí lo ṣe fún mi yìí?" Ẹgba ìbá sàn. Nọ́ọ̀sì wo ojú Bàámi tó ti jìn, ó ní bó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú tí kò jẹ nǹkan, àwọn á gbé e padà sí ilé ìwòsàn, wọ́n á sì ti rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà bọ̀ ọ́ nímú.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Onígíláàsì. Ó yẹ ìwé náà wò, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó sì tún un wọ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ tó burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Káfíńtà náà kú, mà."

"Ṣé o kà á dé òpin?"

"Rárá, mà."

"O gé ohun tí o ò kà?"

Ó ní n kò gbọ́dọ̀ yá ìwé kankan títí ọdún ẹ̀kọ́ náà á fi parí, àti pé gbogbo ọjọ́ Ajé ni màá máa wá lẹ ìwé tó ya. Ó tọ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ẹ̀dà kan wà ní ilé ìkàwé ìlú, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e jáde.

Bí mo ṣe fi ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ àti ti ọjọ́ Ẹtì jókòó níbẹ̀ nìyẹn, tí mo ń da ojú ewé mọ́kànlá kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ìka mi wú. Mo ń kọ, mo ń sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ojú ewé keje, ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bojú wò mí. Ẹ̀rù sì tún bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé a lè ka irú ẹ̀fẹ̀ báyìí fún ẹni tí kò lè rìn? Bó bá rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́? Mo tiẹ̀ ti gbé bírò kọjá ìlà náà kí n lè fò ó. Mo rántí ìbéèrè Ìyá Onígíláàsì, mo sì kọ ọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàámi, orí kẹsàn-án rè é. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò, mi ò sì fi nǹkan kan kún un."

Ó di ojú, ṣùgbọ́n kò lé mi. Mo kà á. Àgbà káfíńtà ṣubú, ó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rò pé kò mọ nǹkan tó ń lọ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan pósí rẹ̀ nínú ọgbà. Ni bàbá bá pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Ta ló ń fi ayùn ya igi bí ẹni ń ya aṣọ yẹn? Ẹ gbé e wá!" Wọ́n gbé pósí wọlé, ìtìjú bò wọ́n. Bàbá ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó ti kúrú jù. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní: "Ṣé ẹsẹ̀ mi ni ẹ fẹ́ kí n gbé lọ́wọ́?"

Mo dúró. Mo gbé ojú sókè wo Bàámi.

Èjìká Bàámi kọ́kọ́ gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Àfi bí ẹ̀rín ṣe tú jáde, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wú ikọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Màámi sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó rò pé nǹkan ti ṣe é.

"Ka ìyókù," ni Bàámi wí. "Ó wọ pósí náà?"

"Kò wọ̀ ọ́, Bàámi. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún un ṣe, ó sì fi oṣù mẹ́rin pẹ́ láyé sí i, torí ó ní òun kò lè sùn nínú iṣẹ́ jákujàku."

"Ó ṣeun! Káfíńtà gidi!" Ó yíjú sí Màámi. "Ìrẹsì yẹn, ó ti tutù ni?"

Màámi sọ ọṣẹ sílẹ̀, ó sáré lọ gbé abọ́. Ó ń sunkún, ó sì ń bu ìrẹsì.

Nígbà tí mo dé ibi tí àgbà káfíńtà ti kú, Bàámi sunkún, àwa náà sunkún. Kò sẹ́ni tí ẹkún náà pa. Nígbà tí mo kà á tán, Bàámi ní kí n padà sí ojú ewé keje.

Bàámi kò rìn mọ́ títí di òní yìí, n kò sì ní parọ́ fún yín pé ó rìn. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí kì í fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, a sì ń kàwé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ayọ̀ ojoojúmọ́ wà nínú ìwé, kò fi dandan jìnnà sí ilé ẹni tí nǹkan le fún. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé ibi tó bani nínú jẹ́ kúrò, ẹ má sì bá ẹni tí ẹ fẹ́ràn gé e. Inú orí tí mo sun níná ni ẹ̀rín baba mi wà.