Ṣingọ́ọ̀mù Jìmí

"Morákinyọ̀, ṣé o tiẹ̀ ní oríkì, àbí ká yá ẹ ní tiwa?"

Gbogbo ọ̀dọ́ ìjọ wọn ní Marks Gate nílùú òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Jìmí Adéyanjú ló sọ̀rọ̀ náà. Bàbá Morákinyọ̀ ti sá lọ kí wọ́n tó bí i, kò sì mọ orírun rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi bọ́ ìbínú náà bí ẹni ń bọ́ ajá òǹrorò.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wọn ṣàlàyé pé itọ́ ọkùnrin lè sọ ibi tí ìran baba rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Morákinyọ̀ ṣa ṣingọ́ọ̀mù tí Jìmí jẹ sọnù, ó fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń yẹ irú itọ́ bẹ́ẹ̀ wò. Èsì dé: ará Finland ni ìran baba Jìmí! Ara ọkùnrin kan tó gbé létí òkun tútù àríwá Yúróòpù ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

"Ọwọ́ mi bà ẹ́!" ni Morákinyọ̀ ń sọ fún ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, bíi pé Jìmí wà níwájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn bàbá, bàbá àgbà Jìmí dìde nínú sùtánà funfun, ó ń ki oríkì ilé wọn. Bàbá yìí kan náà ló máa ń bá Morákinyọ̀ lọ sípàdé òbí nílé-ìwé. Síbẹ̀, Morákinyọ̀ fò dìde.

"Oríkì àwọn ará Finland ni kí Jìmí máa kì!" Ó ka èsì náà sókè.

"Irọ́ ni, bro!" Jìmí pariwo.

Morákinyọ̀ gbàgbé pé ara bàbá àgbà ni ìran náà gbà dé ara Jìmí. Arúgbó náà yíjú sí ìjọ.

"Kì í ṣe irọ́. Atukọ̀ òyìnbó kan ló bí baba mi l'Ékòó. Adéyanjú ló fẹ́ ìyá rẹ̀ toyún-toyún, ló sọ ọ́ lórúkọ. Baba mi ní kí n má sọ ọ́. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi pa á mọ́."

Ó rọra jáde. Jìmí tẹ̀ lé e, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi lo ń bá jà. Kí ni Bàbá ṣe fún ẹ?"

Nígbà tí Morákinyọ̀ lọ bẹ bàbá nílé wọn ní Longbridge, ilẹ̀kùn kò ṣí ju ìlàjì lọ.

"Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má wá mọ́."

Jìmí jẹ̀bi, n kò ní bò ó. Ẹnu rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ òkò ẹ̀san sọ́jà, ẹni rẹ̀ ni yóò bà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ sí i lójú lọ́jọ́ náà gan-an. Ìbínú tí a bọ́ yó kì í mọ ẹni tí yóò bù jẹ.