Lẹ́tà Òwúrọ̀ Tí Ìlà Rẹ̀ Wó

Ọgọ́ta àpò irúgbìn pòtétò ni ó jẹrà nínú yàrá òtútù kẹta, tí ó ti gbóná láìsí ẹni tó mọ̀, ní ilé ìpamọ́ irè oko kan ní Lamingo. Ti àwọn àgbẹ̀ Zawan ni. Adégòkè, ọ̀gá ibẹ̀, ti kọ̀wé sí alága ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n lé Tohirat kúrò lẹ́nu iṣẹ́: òun ni í ka ìmeèlì tí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀, nípa bí yàrá márààrún ṣe tutù sí.

Ojúọlápé, olùṣèwádìí tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀ níṣẹ́, bi í pé: "Ṣé o kà á?"

"Kò ṣeé kà, mà." Tohirat na fóònù sí i.

Ìlà márùn-ún ti wọ́ pọ̀ di òkìtì kan, nọ́ńbà wọnú orúkọ. Ti Ọjọ́bọ̀ ṣì tò dáadáa; láti Ọjọ́ Ẹtì ni ó ti dàrú. Àwòrán igi kan sì wà lókè rẹ̀.

"Ṣebí ẹyẹ ni àmì ilé iṣẹ́ yín?"

"Kai! Èmi náà ò mọ igi yìí rí. Mo sọ fún ọ̀gá pé ó dàrú. Wọ́n ní kí n lọ ra awò ojú."

"O kò yọjú sínú yàrá náà?"

"Wọn kì í jẹ́ kí a ṣílẹ̀kùn, mà, kí òtútù má bàa jáde."

Lùkúmọ̀n ni ó kọ àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé. Ó ṣí fáìlì fún Ojúọlápé: ìlà márùn-ún, ó gún régé.

"Wallahi, ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi mọ́. Ẹnìkan ló sọ ìmeèlì di ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó lè gba àwòrán. Irú rẹ̀ kì í ka òpin ìlà sí, àfi bí a bá fi àmì sọ fún un. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yí i. Oko ní Zawan ni mo wà lọ́jọ́ náà."

"Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà?"

"Gbogbo wa. Ara ògiri la lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Nínú ọ́fíìsì Adégòkè, pátákó tuntun kan fara ti ògiri, a fi ìwé ìròyìn wé e. Ojúọlápé ya etí ìwé náà kan. Àwòrán igi inú ìmeèlì náà ló wà lára rẹ̀.

"Ta ló ti rí àmì yìí, ọ̀gá?"

"Kò sẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ gbé e kọ́."

"Ta ni ó wá fi í sínú ìmeèlì?"

Adégòkè jókòó. "Èmi ni. Alága ń gba ìmeèlì náà ní Àbújá. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo ń tún ibí ṣe. Mi ò mọ̀ pé ìlà yóò wó. Nígbà tí mo mọ̀, irúgbìn ti ń rùn."

"Ẹ sì di ẹ̀bi ru Tohirat."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lùkúmọ̀n fi àmì kan síwájú àwọn ìlà náà, ó fi òmíràn sẹ́yìn wọn. Gbogbo rẹ̀ sì tò padà. Ojúọlápé pe alága, ó ṣàlàyé. Alága gbọ́ ọ tán.

"Adégòkè ṣàṣìṣe, mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ta ni kíkà?"

"Ti Tohirat ni, sà, àmọ́..."

"Ẹ ṣé, màdáámù. Ohun tí Adégòkè kọ nípa rẹ̀ dúró." Ó pa fóònù.

Tohirat ń wo ẹnu Ojúọlápé. Ojúọlápé tún nọ́ńbà alága tẹ̀.