Salmah Gbé Ẹrù Gbogbo Àdúgbò

Nígbà tí Salmah pé ọmọ ọdún méje, Ìyá Àpìkẹ́ ṣì wà láyé.

Bàbá Mùtàlíbù, ọkọ mi, ṣì wà láyé. Àwọn ni bàbá àgbà Salmah.

Ìyá Rùkáyà ọlọ́ṣẹ ṣì wà láyé. Ewúrẹ́ wa tó máa ń jẹ aṣọ lórí okùn, òun náà wà láyé.

Òkè-Baálẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé, nílùú Òṣogbo. Ìyá Àpìkẹ́ nìkan ló ń gbé Ìdó-Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mùtàlíbù ni wọ́n.

Ìyá Àpìkẹ́ ló ń fún gbogbo ọmọ ilé wa ní oríkì.

Wọ́n á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Wọ́n á wò ó lójú. Wọ́n á pe oríkì rẹ̀. Wọ́n á wá máa kì í, kì í, kì í, títí orí rẹ̀ á fi wú.

Ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí Salmah sí. Ó ti ń sáré kiri kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Salmah kò ní oríkì.

Ikhlas, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ ńkọ́? Salmah lásán."

Ó máa ń dun Salmah. Ó máa ń lọ jókòó ti ewúrẹ́.

Ìgbà ọyẹ́ dé. Ìyá Àpìkẹ́ ránṣẹ́ pé kí Bàbá mú Salmah wá gba oríkì rẹ̀. Wọ́n ní kó wá sùn mọ́jú.

Wọ́n ní kó má wọ mọ́tò o. Ẹsẹ̀ ni kó fi wá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ ọ̀nà ilé àwọn.

Salmah fò sókè. Pó. Pó. Pó.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Salmah mú báàgì ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kó aṣọ sí i. Ó tún kó aṣọ sí i. Ó fi bèbí rẹ̀ sí i. Ó fi bèbí kejì sí i, kí ti àkọ́kọ́ má bàa dá nìkan wà.

Báàgì náà wúwo díẹ̀.

Ìyá Rùkáyà ọlọ́ṣẹ yọjú. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń lọ sí Ìdó-Ọ̀ṣun. Ó ní kí Salmah bá òun mú ọṣẹ dúdú lọ fún àna òun.

Ọmọ kì í kọ iṣẹ́ àgbà. Salmah ní, "Ẹ mú un wá, mà."

Báàgì náà wúwo sí i.

Sikirat aránṣọ yọjú. Ó ní aṣọ oníbàárà òun kan rèé, ìró àti bùbá, ará Ìdó-Ọ̀ṣun lòun náà.

"Ẹ mú un wá, Àǹtí."

Báàgì náà wúwo sí i.

Ùsmán alágbẹ̀dẹ yọjú. Ọkọ́ tuntun ló mú dání, irin rẹ̀ nìkan, tí kò tíì ní èrúkọ́. Ó ní àgbẹ̀ kan ń retí rẹ̀.

"Ẹ mú un wá, Bọ̀ọ̀dá."

Gbì.

Omi kò wá rí àyè mọ́. Salmah yọ ìgò omi rẹ̀ kúrò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn á rí omi lọ́nà.

Ó wọ bàtà Ìléyá rẹ̀. Bàtà náà ń dán. Kò tíì wọ̀ ọ́ rìn jìnnà rí.

Kò. Kò. Kò.

Bàbá ti ń dúró láti àárọ̀. Oòrùn ti ga. Wọ́n ní, "Gbé báàgì yẹn wá kí n gbé e wò."

Salmah fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó ní òun lè gbé e. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọn kò gbé e wò.

Salmah sáré síwájú. Kò kò kò kò kò.

Bàbá ní kó rọra. Wọ́n ní ìrìn jẹ́jẹ́ ni ìrìn ẹni tó máa dé. Salmah ti lọ jìnnà, kò gbọ́.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn. Ilé tán. Oko bẹ̀rẹ̀.

Okùn báàgì ń gé Salmah léjìká. Bàtà ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

Ó bi Bàbá bóyá omi wà. Kò sí. Bàbá gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn kò mú omi dání.

Kò. Kò... Kò.

Salmah jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lé. Ó ti bẹ́.

Obìnrin kan láti inú oko fún un lómi mu. Bàbá gba báàgì náà, wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn Bàbá dún. Kẹ́ẹ́.

Bàbá bi í léèrè ohun tó wà nínú báàgì. Salmah sọ ọ́ fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ. Aṣọ Àǹtí Sikirat. Irin ọkọ́.

Bàbá ní, "Gbogbo àdúgbò lo gbé kọ́rùn yìí."

Salmah bú sẹ́kún. Ó ní òun fẹ́ lọ sílé.

Bàbá wo iwájú. Wọ́n wo ẹ̀yìn. Wọ́n dá ọ̀kadà dúró, wọ́n sì padà wálé.

Ìyá Àpìkẹ́ ti pa adìyẹ. Wọ́n ti tẹ́ ẹní.

Bàbá pè wọ́n lórí fóònù. Bàbá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú kì í lórí fóònù náà.

Ìyá kọ̀. Wọ́n ní, "Mo gbọ́dọ̀ fojú rí i kí n tó mọ ohun tí n ó pè é. Ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé. Ikọ́ ọyẹ́ ń dà Bàbá láàmú.

Ikọ́ lọ. Ilé-ìwé wọlé.

Ilé-ìwé gba ọlidé. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní Ìyá Àpìkẹ́ ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní ohùn wọn ti kéré. Ó kéré bí ohùn ọmọ ológbò.

Bàbá ní kí àwọn wọ mọ́tò lọ.

Salmah ní, "Ìyá ní ẹsẹ̀ ni kí n fi wá."

Bàbá wò ó. Wọ́n ní kó lọ gbé báàgì rẹ̀ wá nígbà náà.

Salmah bi wọ́n léèrè ohun tí òun máa fi sí i. Bàbá ní, "Ohun tí o máa lò. Èyí tí o kò ní lò, fi í sílé."

Aṣọ kan ṣoṣo. Ó fi ọ̀rá dì í nítorí òjò. Ẹ̀pà díẹ̀. Àwọn bèbí jókòó sílé, àwọn méjèèjì, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn.

Omi ló kọ́kọ́ mú. Ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ báàgì, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé.

Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà àtijọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ bàtà náà.

Bí a ṣe kírun àárọ̀ ọjọ́ kejì tán báyìí, Ìyá Rùkáyà yọjú. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Salmah kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yìn mi kò lè gbé e. Ẹ fi ìkíni rán mi. Ẹnu mi á gbé e."

Ìyá Rùkáyà pàtẹ́wọ́. Ó ní ta ló kọ́ ọmọ kékeré yìí ní ẹjọ́ rírò. Ó fi ọṣẹ pa mọ́. Ó ní kó bá òun kí Ìyá Àpìkẹ́, kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà.

Sikirat náà rán ìkíni. Ùsmán alágbẹ̀dẹ náà rán ìkíni. Tirẹ̀ gùn, Salmah ní láti tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ́ ọn lórí.

Báàgì náà kò wúwo sí i rárá.

Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́.

Salmah mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Ó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́. Òjò fọ́n díẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Aṣọ inú ọ̀rá kò tutù.

Wọ́n dé ìdí igi máńgòrò. Wọn kò dúró pẹ́.

Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́.

Wọ́n dé Ìdó-Ọ̀ṣun.

Ìyá Àpìkẹ́ sùn sórí ẹní. Salmah kúnlẹ̀. Ó kó ìkíni kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Ìyá Rùkáyà. Ti Àǹtí Sikirat. Ti Ùsmán tó gùn.

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n na ọwọ́ sí ojú Salmah. Wọ́n wò ó. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń wò ó.

"Àwẹ̀ró," ni wọ́n wí.

Orí Salmah wú. Ó dúró kí wọ́n máa kì í lọ.

"Àwẹ̀ró, ọmọ..."

Ohùn náà tán.

Ìyá tún gbìyànjú. Ètè wọn ń mì. Ohùn kò jáde. Omijé ló jáde.

Bàbá yí ojú sí ògiri. Wọ́n ní, "Ká ní a dé nígbà ọyẹ́ ni."

Salmah bi Bàbá bóyá ìyókù oríkì náà wà lẹ́nu wọn. Bàbá ní díẹ̀ ni. Ẹnu Ìyá ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ìyá Àpìkẹ́ kò lè kì í mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Salmah, wọ́n ń fi gbá a bí ẹni tó ń kì í. Pẹ́. Pẹ́. Pẹ́. Títí Salmah fi sùn lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé Òkè-Baálẹ̀, Ikhlas ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n pè ẹ́?"

"Àwẹ̀ró."

"Àwẹ̀ró ọmọ ta?"

Salmah wo ilẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní ohùn Ìyá tán síbẹ̀.

Ikhlas kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun rántí díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n fi ki òun. Ó ní ilé kan náà kúkú ni àwọn ti jáde, kí àwọn jọ máa lò ó.

Wọ́n jókòó ti ewúrẹ́. Ikhlas ń kì í, Salmah ń gbè é. Bàbá gbọ́, wọ́n fi díẹ̀ tiwọn kún un. Kò gùn. Àbámọ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó kí orí ọmọ wú.

Ó di òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, fóònù Bàbá dún.

Lọ́jọ́ yẹn, a kò fi ẹsẹ̀ rìn. Mọ́tò la wọ̀. Ó yá kánkán. A kò tíì jókòó dáadáa tí a fi dé.

Ilé kún. Kò sẹ́ni tó pariwo.

Salmah yọ́ wọlé láàárín àwọn àgbà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní.

Ó ní, "Ìyá, Àwẹ̀ró dé o."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sin Ìyá Àpìkẹ́.