Ẹtu Inú Àwòrán Océane

Muslimat, aládùúgbò Océane àti bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Rio, ní ìlú àwọn elédè Faransé, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún wa, kò sì bù mọ́ ọn.

Joël, olùkọ́ àwòrán ní àdúgbò Louis ní ìlú kan náà, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ya ara rẹ̀ bí ẹranko. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Océane yan ẹkùn, wọ́n yan idì. Òun yan ẹtu. Nígbà tí Akíntọ́lá, bàbá rẹ̀, rí àwòrán náà, ó tẹ̀ sún mọ́ ọn. Àpá kan dábùú ìpéǹpéjú òsì ẹranko náà. Àpá ìyá Akíntọ́lá ni, ẹni tí wọ́n ti sin sí Ìsẹ́yìn kí wọ́n tó bí ọmọ yìí.

“Ọmọ ẹtu tí í sùn láìdijú” ni oríkì orílẹ̀ wọn. Akíntọ́lá, tí í ṣe díákónì, kò kì í sí ọmọ rẹ̀ létí rí. Ó ti pinnu pé ọ̀dọ̀ òun ni yóò parí sí.

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Personne, Papa. Kò sẹ́ni. Màmá kan tó máa ń dúró lẹ́yìn mi ló ní kí n má gbàgbé àpá náà.”

Ó fura sí Joël. Ó fura sí Muslimat pàápàá.

“Bàbá Océane, èmi tí n kò lè ya ẹyin!” Muslimat fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀dà funfun kun ẹtu náà pa, ó sì ní kí Joël ya kìnnìún lé e. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú òsì Océane kò ríran mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí àrùn kankan.

Nígbà tí Joël pàtẹ àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ti Océane, òórùn ewé tútù gba inú ilé. Ọ̀dà sán lójú òsì kìnnìún. Ojú mìíràn ń wò wọ́n láti abẹ́ rẹ̀, kò sì ṣẹ́jú.

Akíntọ́lá kúnlẹ̀, ó fi ẹnu sí etí ọmọ rẹ̀.

“Ọmọ ẹtu,” ó ní, “ọmọ ẹtu tí í sùn láìdijú.”

Océane ṣẹ́jú.

“Papa, mo ti ń rí yín.” Ó wo ẹ̀yìn èjìká bàbá rẹ̀. “Mo ń rí màmá náà.”

Akíntọ́lá kò bojú wẹ̀yìn.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ni. Ènìyàn mẹ́jọ ló wà nínú gbọ̀ngàn náà. Océane, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti là, ka mẹ́sàn-án.